Ìṣáná Tí Mo Ṣá sí Ọtí Àna Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó dáadáa. Ẹ̀yìn yìí ò fẹ́ kí n fara ti ògiri mọ́, kò sì fẹ́ kí n nàró. Bọ́lá, bá mi gbé ìrọ̀rí yẹn wá. Ìwọ Káyọ̀dé, má wulẹ̀ fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, mo ti rí ọ̀rá ọtí tí o ká mọ́ ọwọ́. Mi ò bá ọ jà. Àgbàlagbà ni ọ́, o ti níyàwó. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni bí o ṣe mu ún. O fi eyín já a létí, o fún un sí ọ̀nà ọ̀fun, ó tán. O ò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi bátìrì ni wọ́n rọ sínú ọ̀rá yẹn, ìgbà tó bá dé ikùn lo máa tó mọ̀.

Nígbà tiwa, imú ló ń kọ́kọ́ mu ọtí. Mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí imú ni mo fi jẹun fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀yin ò mọ̀ mí síṣẹ́ yẹn. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ mọ̀ mí sí, ṣùgbọ́n nǹkan tó bá ẹ̀yìn ayé mi ni iṣẹ́ káfíńtà. Ẹ bi àwọn àgbà tó kù ní Ọ̀jọ́ léèrè ta ni Onímú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín ná, kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Màá sọ ìdí tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín.

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti ń já ògógóró sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi á dé láti ọ̀nà Badagry àti àwọn erékùṣù tó wà láàárín, á kún fún kẹ́ẹ̀gì, àwọn Ègùn tó ń wà á á máa kọrin bọ̀ lókè omi. Ẹ óò gbọ́ orin kí ẹ tó rí ọkọ̀. Àwọn oníbàárà á ti dúró sórí iyanrìn, wọ́n ò sì ní fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan títí n óò fi dé. Iṣẹ́ mi ni láti tọ́ ọ wò, kí n sọ pé èyí dára, èyí ò dára. Bí mo bá ti sọ ọ́, ó parí nìyẹn. Hùnsù, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ọtí wá jù nínú wọn, kì í bá mi jiyàn. Á kàn gbé kẹ́ẹ̀gì tí mo bá kọ̀ padà sínú ọkọ̀, á máa ṣépè fún ẹni tó pọn ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Màá bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, màá mì ín, màá wo ìfófòó tó bá tò sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá pẹ́ kó tó fọ́, ọtí ni. Bó bá fọ́ kíákíá, wọ́n ti bu omi là á. Lẹ́yìn náà màá ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, màá ra á títí yóò fi gbẹ, màá wá gbé e sí imú. Bí mo bá gbóòórùn igi níbẹ̀, mo mọ̀ pé ojúkòkòrò ni. Àwọn tó bá ti bu omi la ọtí ló máa ń rẹ èèpo igi sínú rẹ̀, kí ó lè máa ta ahọ́n bí ojúlówó. Ẹ̀kẹta, màá ta á sínú ìdérí, màá ṣáná sí i. Iná búlúù tó rọra ń jó ni mò ń wá. Ìgbà tó bá gba gbogbo èyí kọjá ni màá tó fi ahọ́n kàn án, màá sì tu ú dànù. N kì í gbé e mì. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá yín àgbà ń lọ nígbà náà, ní Òkokomáíkò níbí, kò sì ní gbà kí n wọ yàrá bí ẹnu mi bá ń rùn fún ọtí. Ó máa ń sọ pé kí n ṣí ẹnu, á sì gbóòórùn rẹ̀. Nínú ilé yìí, èmi nìkan kọ́ ni Onímú.

Ìgbéraga wọ̀ mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ní gbogbo àdúgbò, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, bí wọ́n bá ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí ìdílé ọkọ bá gbé ọtí wá, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ó ti di àṣà. Wọn ò ní gbàdúrà sí ọtí náà títí n óò fi ṣáná. Bí iná bá ti tàn, àwọn obìnrin á hó yèè, àwọn ìdílé ọkọ á mí kanlẹ̀. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí mo ti rí imú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Agbẹ́kọ̀ ni bàbá mi. Etí ọ̀sà náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀, lápá ibi tí àwọn ilé alájà yẹn wà báyìí. Àáké wọn ló máa ń jí mi láàárọ̀: kó, kó, á dákẹ́ díẹ̀, kó. Igi tútù á máa já sílẹ̀ ní pelebe pelebe, á funfun, á pupa díẹ̀ nínú, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Èmi á kó èérún igi yẹn sínú agbọ̀n fún ìyá mi, wọ́n á fi yan ẹja. Nígbà kan mo sùn lọ nínú ọkọ̀ tí wọn ò tíì gbẹ́ tán, wọ́n wá mi títí, ìyá mi ti ń sunkún pé mo ti jìn sómi. Nígbà tí wọ́n rí mi, èérún igi ti bò mí dé ọrùn. Bàbá mi ò nà mí. Wọ́n kàn ń gbọn èérún igi kúrò ní irun mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dàgbà, ọkọ̀ oní-fáíbà ti dé, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ mọ́. Bàbá mi kú, àwọn onílé sì fi iyanrìn dí ibẹ̀. Bí mo bá ní kí n fi ibẹ̀ hàn yín lónìí, ibi tí àwọn ọkọ̀ ajagbe ń dúró sí lẹ́yìn àwọn ilé alájà yẹn ni màá nawọ́ sí. Ó sì dùn mí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà. Mọrẹ́nikẹ́, ìyá Bọ́lá, lọmọ mi àkọ́kọ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ó mú ọkùnrin kan wálé, Délé, ọmọ Òǹdó, ọmọlúàbí, tó ń ṣiṣẹ́ nínú láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lọ́nà ibí. Ọmọ kan ṣoṣo ni Délé jẹ́ fún bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bàbá náà, kúùkù ni wọ́n nínú ọkọ̀ òkun ńlá, wọ́n ti dé gbogbo ibi tí omi bá dé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ilé kan ní ẹ́síteètì Ìbà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì dákẹ́, tí ẹ̀gẹ́ ṣì ń hù láàárín ilé sí ilé. Ènìyàn gíga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́. Mo fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn aládùúgbò kún inú pálọ̀ mi, wọ́n tún dúró sójú fèrèsé. Hùnsù náà wá, ó ti fi aró pa irun rẹ̀ dúdú. Ìdílé Délé kó nǹkan tí wọ́n ń kó wá, ó pé. Lẹ́yìn náà ni bàbá rẹ̀ dìde fúnra wọn. Wọ́n tú tówẹ̀lì funfun kan, wọ́n yọ ìgò kékeré kan jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

Wọ́n ní, "Èyí ò sí lára ohun tí ẹ bèèrè. Láti Jàpáàn ni mo ti gbé e bọ̀, nírìn-àjò mi tó kẹ́yìn. Mo ti ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí Délé yóò mú ìyàwó wálé."

Wọ́n ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i. Mo rí i pé ẹnu wọn ṣì là. Ṣùgbọ́n Hùnsù ti pariwo láti ẹ̀yìn.

"Onímú! Ẹ dìde jàre! Ọtí Òyìnbó dé, ẹ wá tọ́ ọ wò fún wa!"

Gbogbo pálọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo dìde, mo ká ọwọ́ agbádá mi. Mo mi ìgò náà. Ìfófòó tó tò sórí rẹ̀ fọ́ kí n tó mí. Mo ta díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, mo ra á, mo gbóòórùn rẹ̀. Igi. Igi gidi ló ń rùn. Àwọn ènìyàn ti rí i lójú mi. Mo ta á sínú ìdérí, mo ṣáná. Ó kú. Mo ṣá èkejì, òun náà kú. Ẹnì kan lójú fèrèsé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Bí mo bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ibẹ̀ ni mi ò bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Bàbá Délé, ẹ má bínú o. Ẹni tó tà á fún yín rẹ́ yín jẹ. Wọ́n ti bu omi là á, wọ́n sì fi igi bò ó. Ọtí kọ́ ni ẹ gbé wá."

Ẹ̀rín bú jáde. Bàbá Délé kò bá mi fà á. Wọ́n wo ìgò náà, wọ́n wo Délé, wọ́n ká tówẹ̀lì wọn sí mẹ́rin.

"Ó dáa, sà. Ẹ ṣeun. Délé, jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n lọ. Wọ́n fi ìgò náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn aládùúgbò túká pẹ̀lú ìrẹsì wọn. Ìyá yín àgbà ń palẹ̀ àwo mọ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ́ wọn. Mọrẹ́nikẹ́ ló wá bá mi níwájú ilé, ojú rẹ̀ ti wú.

Mo ní, "Ṣé kí n purọ́ ni? Iṣẹ́ mi ni mo ṣe."

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tọ́ ọ wò rárá. Olè lẹ̀ ń wá nínú rẹ̀. Délé ní bàbá òun ní àwọn ò ní padà wá sí ilé yìí. Délé nìkan ṣoṣo ni bàbá rẹ̀ ní láyé, Bàbá, Délé ò lè kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Ó wọlé. Mo jókòó síbẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Mo fẹ́ nu òógùn ojú mi, mo gbé ọwọ́ òsì sókè. Ọwọ́ yẹn ni mo fi ra ọtí náà. Òórùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ara mi ti yí i padà. Kì í ṣe òórùn èèpo igi tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí. Inú igi ni. Igi tútù tí àáké ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dìde, mo wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé bàbá mi dúró síbẹ̀. Ọdún tí mo ti gbóòórùn yẹn kẹ́yìn, mi ò lè kà á. Ó wá jẹ́ pé ohun tí mo pè ní ìbàjẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, òun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo fi tówẹ̀lì tèmi wé ìgò náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbà. Mi ò gun ọ̀kadà, mo fẹ́ kí ojú ọ̀nà pẹ́. Bàbá Délé wà ní kíṣìnnì, wọ́n so épúrọ̀nù mọ́ ìdí, wọ́n ń rẹ́ àlùbọ́sà. Wọn ò ní kí n jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ mi ò kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn, àti ti àáké, àti ti àtẹ́lẹwọ́ mi. Wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà náà tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Wọ́n ní, "Ẹ dìde. Ẹ gbé ìgò yẹn wá. Ẹ má mì ín o."

Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó hó, wọ́n gbé ìgò náà dúró sínú rẹ̀. Wọ́n lọ mú nǹkan kan wá látinú yàrá: àpótí onígi kékeré, onígun mẹ́rin, kò ju kí ó gba ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà lọ. Másù ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, òun ni wọ́n fi ń mu ọtí. Igi kan náà tí wọ́n fi kan àgbá ọtí ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n sọ fún mi pé ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọtí náà, pé wọ́n máa ń gbé e sínú àgbá igi kí igi náà lè wọ̀ ọ́, pé kò le tó ògógóró, kò sì sí ìṣáná tó lè tàn án láyé. Ohun gbogbo tí mo pè ní àbùkù rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn.

Wọ́n ní, "Ìlú òtútù ni. Nírìn-àjò tó kẹ́yìn yẹn, mo sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí tẹligíráàmù dé bá mi pé ìyá Délé ti kú. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀. A ò gbọ́ èdè ara wa. Ó wò mí lójú, ó bu ọtí yìí sínú àpótí yìí, ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Nígbà tí mo ń lọ, ó fún mi ní ìgò kan àti àpótí náà. Òun lẹ ṣáná sí."

Wọ́n bù ú fún mi. Mo gbé e sí imú, mo di ojú. Òórùn igi ló kọ́kọ́ wá, ó mọ́, ó tutù, lẹ́yìn náà ni nǹkan bí omi ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, àti oyin díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ẹnu kàn án. Ó dùn níwájú ahọ́n, kì í ṣe adùn ṣúgà, adùn ìrẹsì téèyàn jẹ pẹ́ lẹ́nu. Ó kan díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n bí omi ògì ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ó gbẹ, ó korò díẹ̀ bí orógbó, igi náà sì tún padà wá láti ọ̀nà ọ̀fun, ó gòkè sí imú láti inú. Kò ta mí. Kò jó mi. Ó kàn dúró síbẹ̀. Mo wá ibi tí n óò tu ú sí, mo sì rántí pé kò yẹ. Mo gbé e mì. Èyí ni ọtí àkọ́kọ́ tí mo gbé mì láti ìgbà tí mo ti gbé ìyá yín àgbà níyàwó.

Bàbá Délé ń wò mí. "Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Lójú gbogbo ènìyàn lẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Bí ẹ bá lè sọ èyí náà lójú wọn, a óò padà wá. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò ní fẹ́ níbi tí wọ́n ti fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Imú yẹn ni mo fi ń bọ́ ilé. Ta ni yóò tún gba ẹnu Onímú gbọ́ bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ ọtí yàtọ̀ sí omi? Mo rò ó láti Ìbà títí dé ilé, mo tún rò ó ní ọjọ́ Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè. Mọrẹ́nikẹ́ ń kí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Ohun tó bá mi parí rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo pe gbogbo wọn padà, Hùnsù, àwọn ojú fèrèsé, gbogbo wọn. Bàbá Délé jókòó, wọ́n gbé àpótí náà sórí orúnkún. Mo dìde. Mo ní, "Ní Sátidé tó kọjá, ọtí tó dára jù tó tíì wọ ilé yìí ni mo pè ní omi. Imú mi gbóòórùn rẹ̀, èmi ni mi ò mọ ohun tó gbóòórùn. Bàbá Délé kò gbé èké wá. Èmi ni mo pa irọ́ mọ́ wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n." Mo bu ìyókù sínú àpótí náà, mo mu ún lójú wọn. Ìyá yín àgbà wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó gbójú kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan tó máa ń kọ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Bí mo ṣe rò ó ló rí. Ní etí ọ̀sà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Onímú, ṣé kì í ṣe igi lẹ̀ ń gbóòórùn yẹn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti rí ẹlòmíràn. Hùnsù nìkan ló ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá bá mi, títí tí ọtí inú ọ̀rá fi dé, tí iṣẹ́ náà parí fún gbogbo wa. Ìgbà náà ni mo gbé àáké bàbá mi sọ̀kalẹ̀ lórí àjà, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ igi. Kì í dùn mí. Tàbí kí n sọ pé ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n n kì í kábàámọ̀.

Bọ́lá, ìwọ lo jókòó tì mí yìí. Ìṣáná méjì péré ló kù kí wọ́n má bí ọ.

Bàbá bàbá rẹ ló fún mi ní àpótí náà kí wọ́n tó kú. Òun nìyí. Gbà, gbé e sí imú. Má yára. Di ojú rẹ. Kí lo gbọ́? Igi? Ṣé ó dá ọ lójú? Fún mi, jẹ́ kí n wò ó.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, dókítà ní ọjọ́ orí ni. Mi ò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ní igi ni, igi ni. Mi ò ní ṣáná sí i.